Ìbéèrè Mẹ́ta Tí Láptọ́ọ̀pù Bi Sirajudeen

Bí ẹ bá dé Gbaji, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó gbá láptọ́ọ̀pù mọ́ àyà bí ìyá ìkókó, ẹ má wulẹ̀ bèèrè orúkọ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á sọ ọ́, á sì pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán. Sirajudeen ni, Àkọ̀wé Ẹbí, Agbọ́-Faransé-Bí-Ẹni-Mumi, Ọmọ-Bíbí-Inú-Agbolé, Amọ̀ọ́-Tán-Má-Sọ-Fẹ́nìkan. Ọmọ ẹbí lèmi náà, mo sì ti gbọ́ oríkì yìí títí ó fi sú mi.

Ó ní ilé ìwé àwọn Faransé ní Àjàṣẹ́ lẹ́yìn bọ́dà lòun ti kọ́kọ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Faransé tó gbọ́ ò sì ju èyí tí à ń fi ra búrẹ́dì ní Sẹ̀mẹ̀ lọ. Ó ní ìdí àgbọn tó wà láàrin agbolé ni wọ́n ri ìwọ́ òun mọ́. Ọ̀rọ̀ ìwọ́ yẹn kì í ṣe kékeré o. Nínú ẹbí tiwa, ẹni tí wọ́n bí sílé, tí ìwọ́ rẹ̀ wà nínú ilẹ̀ wa, òun nìkan ló lè jẹ olórí ẹbí. Olórí ẹbí wa sì ti kú láti Iléyá tó kọjá, ni Sirajudeen bá ń fojú sí àga olórí ẹbí.

Láptọ́ọ̀pù ọ̀hún, ti ẹbí ni. Gbogbo ìwé ilẹ̀ wa ló wà nínú rẹ̀. Sirajudeen fi páásíwọ́ọ̀dù tì í, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá fẹ́ rí ìwé bàbá rẹ, wàá gbé ẹja yíyan lọ, wàá kí i ní ẹ̀ẹ̀mẹta, òun á wá kẹ́yìn sí ọ kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó ní àṣírí ẹbí kì í ṣe ohun àmúṣeré.

Ọjọ́ ìpàdé tí a fẹ́ yan olórí ẹbí pé. Sirajudeen lọ yá ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, kí tọmọdé tàgbà lè máa wo bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́. Agbádá tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, bí wọ́n bá dà á sómi bí àwọ̀n, á kó ẹja.

Ọ̀rọ̀ Dosi la kọ́kọ́ fẹ́ yanjú. Opó ni Dosi, ọmọ ẹbí wa tó ń yan ẹja létí ọ̀sà. Kí bàbá rẹ̀ tó kú, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí ilẹ̀ tó fún un bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, wọ́n sì gba ohùn náà sílẹ̀. Inú láptọ́ọ̀pù yẹn nìkan ló wà. Àwọn ará ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ní tàwọn nilẹ̀, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí a ò bá rí ohùn yẹn, ààrò Dosi ti lọ nìyẹn, oúnjẹ ọmọ mẹ́rin á sì bá a lọ.

Sirajudeen tan láptọ́ọ̀pù. Ó tàn, ó kú, ó tún tàn. A ránṣẹ́ pe Jésùtófúnmi, obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ọjà Agbalata. Ó gun ọ̀kadà dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní sọ́fútíwìà tó ń darí ẹ̀rọ náà ló dàrú. Ó ní òun lè dá a padà sí bó ṣe wà láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi páásíwọ́ọ̀dù wọlé ná. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, àfi kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Sirajudeen na ìka, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ kọ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó nu iwájú. Àṣé ó ti pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí ó rò pé ẹnì kan yọjú wò ó. Ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́ fún gbogbo ayé ti wá fi í pamọ́ fún ara rẹ̀.

Jésùtófúnmi ní kò burú. Ó ní nígbà tí ọ̀gá kọ́kọ́ tì í, wọ́n ti dáhùn ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀ de irú ọjọ́ báyìí. Bí wọ́n bá tún un dáhùn bákan náà, ẹ̀rọ á ṣí. Ni ìbéèrè bá yọ gàdàgbà sára ògiri. Ìlú wo ni wọ́n ti bí ọ? Ilé ìwé wo lo kọ́kọ́ lọ? Kí ni ìnagijẹ rẹ ní kékeré?

Mo wo ojú Sirajudeen. Ó dà bíi ti ẹni tó jí ẹja jẹ, tí eegun há a lọ́fun.

Ó kọ Gbaji. Ó kọ ilé ìwé Àjàṣẹ́. Ó kọ Ọmọọba. A kà á lára ògiri, àwọn èèyàn rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rọ ní kò rí bẹ́ẹ̀.

"Ẹ pa gbogbo ẹ̀ rẹ́," ni Sirajudeen wí fún Jésùtófúnmi. "Kí ni ohùn òkú fẹ́ ṣe fún wa?"

Inú bí mi, àfi bíi kí n fa agbádá yẹn ya. Dosi dìde, omi ti lé sí i lójú. "Bùọ̀dá, ilẹ̀ yẹn ni mo fi ń bọ́ ọmọ. Ẹ̀yin lẹ dáhùn ìbéèrè yìí nígbà yẹn, ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ òótọ́."

Sirajudeen ò wò ó. Ibẹ̀ ni Àǹtí Ganiyat, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà tó wá láti Ikoga, ti tún ìró rẹ̀ ró, tó ní kí Jésùtófúnmi máa kọ.

"Kọ Muṣin. Èmi ni mo sáré lọ pe agbẹ̀bí."

Sirajudeen ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

"Ní ti ilé ìwé, kọ Ìyá Alákàrà. Ẹ̀yìn agbada àkàrà ni obìnrin yẹn ti kọ́ ọ ní A, B, D."

Ó ku ẹyọ kan. Sirajudeen dọ̀bálẹ̀ gbalaja tòun ti agbádá, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun má dárúkọ ìyẹn, nítorí ọmú tí wọ́n jọ mu. Ganiyat wo àbúrò rẹ̀ nílẹ̀, ó wo Dosi tó ń sunkún.

"Kọ Atọ̀ọ́lé."

Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń yọ sára ògiri, à ń kà á. Ẹ̀rọ ò jiyàn. Ó ṣí. Kò kúkú sí ẹni tí Sirajudeen fẹ́ ṣe fáàrí fún lọ́jọ́ tó dá jókòó tì í, ló fi kọ òótọ́. Ẹ̀rín wá bú, àwọn àgbà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ń bọ́. Ẹnì kan ní ká lọ hú ìdí àgbọn wò.

Jésùtófúnmi ṣiṣẹ́ fún bíi wákàtí kan, ẹ̀rọ padà bọ̀ sípò. Ó wá ohùn náà kàn, ó tẹ̀ ẹ́, bàbá Dosi sì sọ̀rọ̀ láàrin wa: "Láti etí ọ̀sà títí dé ojú títì, Dosi ni mo fún." Dosi dúró, ó fi ìborùn bojú. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Bàbá Tàjùdíìnì, tó dàgbà jù nínú wa, ò tilẹ̀ yí ojú padà.

"Atọ̀ọ́lé, gbé àga fún Dosi."

"Ẹ̀n, bàbá," ni Sirajudeen dáhùn. Ó ti gbé àga náà dé iwájú Dosi kó tó rántí orúkọ tí wọ́n fi pè é.