Ìdọ̀bálẹ̀ Tó Tú Bàálù Sílẹ̀

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ kí Bàbá Àdùkẹ́ kò ní kúrò lọ́kàn mi. Àwọn ṣọ́jà ló ń ṣèjọba nígbà náà, ìlú le koko, wọ́n sì ti dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ oníṣòwò ńlá kan ní Ẹdẹ tó ní kí n máa nu bàálù kékeré rẹ̀, tó ń gbé sí pápá kan lọ́nà ìlú Ara. Ni mo bá lọ sọ fún Àdùkẹ́, ọmọge tí mo fẹ́ fẹ́, pé iṣẹ́ bàálù ni mò ń ṣe. N kò purọ́. Mi ò kàn sọ pé àkísà ni irinṣẹ́ mi ni.

Bàbá rẹ̀ ní àwọn ò lè fọmọ fún aláìníṣẹ́, àwọn á wá fojú ara àwọn rí bàálù náà.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa wá gan-an ni bátìrì bàálù kú. Níbo la ti fẹ́ rí tuntun, nígbà tí ọṣẹ ìfọṣọ pàápàá ti di ohun à ń wá kiri? Ọ̀gá Súlè tó ń wa bàálù náà ní òun á fọwọ́ yí abẹ̀bẹ̀ iwájú rẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi jí. Ó ní kí n gòkè, kí n jókòó sáyè òun, kí n fẹsẹ̀ méjèèjì tẹ búréèkì.

"Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, o ò gbọdọ̀ gbẹ́sẹ̀ kúrò. Ṣó o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

Inú mi dùn, àfi bíi pé èmi ni mo fẹ́ fò lọ sí Mẹ́kà. Ọ̀gá Súlè yí abẹ̀bẹ̀, bàálù wúkọ́. Ó tún un yí, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù. Ìgbà yẹn ni mo wo ẹ̀gbẹ́, mo rí Bàbá Àdùkẹ́ nínú agbádá funfun, tí wọ́n dúró tí wọ́n ń wò mí.

Ẹ gbà mí o! Ọmọ Ẹdẹ wo ló máa jókòó sókè, kí àna rẹ̀ wà nílẹ̀ lóòró? Kí n tó ronú, mo ti bẹ́ sílẹ̀, mo ti nà gbalaja sórí iyanrìn.

"Ẹ káàárọ̀, sà!"

Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò. Nígbà tí mo yíjú padà, Ọ̀gá Súlè ti fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bàálù ń dá lọ bí ewúrẹ́ tó já okùn. Ọ̀gá Súlè ń lé bàálù, èmi ń lé Ọ̀gá Súlè, àna mi ká agbádá wọn, wọ́n gba ọ̀nà ibòmíràn. Oko ẹ̀gẹ́ ni bàálù já sí. Ó ro ẹ̀gẹ́ olóko láìbẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, kí ebè tó dá a dúró.

"Ta ló ní kó o gbẹ́sẹ̀ kúrò?" Ọ̀gá Súlè ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Àna mi ni mò ń kí, sà."

Kílẹ̀ tó ṣú, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sunkún, torí mo rò pé Àdùkẹ́ náà ti lọ nìyẹn.

Àfi bí bàbá rẹ̀ ṣe ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kí n jókòó.

"O ò níṣẹ́ lọ́wọ́ o, àmọ́ wọ́n kọ́ ọ nílé. Ẹni tó lè ju bàálù sílẹ̀ torí àtikí mi, kò ní fojú ọmọ mi gbolẹ̀. Máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rìn délé o, má fọkọ̀ gbé e."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé àgbà yẹ ní kíkí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tẹ búréèkì, kó fẹnu kí wọn. Títí dòní, bí mo bá ń wakọ̀ tí mo tajú kán rí àgbàlagbà kan, kí n tó lanu ni Àdùkẹ́ ti máa ń kígbe lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé, "Búréèkì!" Ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ṣùgbọ́n mo máa ń tẹ̀ ẹ́.