Ogójì Olùgbèjà, Ẹyin Méjì

Lánàá ni ẹjọ́ kan wọ ààfin tòun ti iyanrìn lẹ́sẹ̀. Ìyá Ọgbà ló ṣíwájú, obìnrin tó ti ń ṣọ́ ọgbà ẹranko etíkun láti ọdún mọ́kànlá. Ẹgbẹ́ Adáàbòbò Ẹyẹ ló tẹ̀lé e, gbogbo ogójì wọn, nínú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé kan náà, pẹ̀lú àwòrán ẹyẹ láyà. Ẹyẹ tí wọ́n yà síbẹ̀ jọ adìyẹ, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló gbé wọn wá.

Baálẹ̀ ti wà lórí àga, ìjòyè mẹ́ta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti ń tòògbé.

"Kí ló dé?" Baálẹ̀ bèèrè.

Ìyá Ọgbà kúnlẹ̀. "Baálẹ̀, ẹ gbà mí o. Wọ́n fẹ́ fi ìfẹ́ pa ẹyẹ mi."

"Wọ́n fẹ́ fi kí ni pa á?"

"Ìfẹ́, Baálẹ̀. Ká ní wọ́n kórìíra rẹ̀ ni, ì bá ti sinmi."

Àwọn ogójì náà kùn. Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

"Ẹyẹ kékeré kan ni," Ìyá Ọgbà ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Kò ju ìkúùkù mi yìí lọ. Kì í kọ́ ìtẹ́, orí iyanrìn lásán ló ń yé sí. Mẹ́rin ló yé sí etíkun wa lọ́dún yìí. Omi gbé ẹyin ti àkọ́kọ́ lọ. Ajá àlejò jẹ ti ìkejì. Àlejò fúnra rẹ̀ tẹ ti ìkẹta mọ́lẹ̀ níbi tó ti ń ya ara rẹ̀ ní fọ́tò. Ó ku ẹyọ ẹyẹ kan, ẹyin méjì. Ìyá wọn ló ń fara ṣíji bò wọ́n lọ́sàn-án. Bí èèyàn bá ti sún mọ́ ọn, á fò sá, ẹyin á wà nínú oòrùn. Àwọn wọ̀nyí ti dúró tì í láti ọjọ́ mẹ́sàn-án! Alẹ́ nìkan ló ń rí àyè jókòó. Ọpẹ́lọpẹ́ ìkùukùu tó bo ojú ọ̀run lọ́sẹ̀ yìí. Òní ni oòrùn yọ, Baálẹ̀. Bí wọ́n bá tún padà síbẹ̀ lónìí, ẹyin á jinná."

Ohùn rẹ̀ já. Kì í ṣe pé ó ń dọ́gbọ́n. Láti ọjọ́ mẹ́sàn-án ló ti ń gbọ́ igbe ẹyẹ yẹn, kódà nígbà tó bá ti dé ilé tó ń fọ abọ́.

"Alága ẹgbẹ́ dà?"

Alága dìde. Ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì, títí dòní kò sì lè bá èèyàn méjì sọ̀rọ̀ láì kọ́kọ́ pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

"Ẹ dákẹ́!" ló wí. Kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. "Baálẹ̀, ẹ̀mí yín á gùn. Ẹ̀sùn yìí ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹyẹ yẹn ò ní aláàbò bí kò ṣe àwa. A rí i pé àwọn àlejò ń pọ̀ jù níbẹ̀, la bá gbé pátákó síbẹ̀."

"Kí lẹ kọ sí i?"

"'Ẹ má ṣe sún mọ́ ibí.'"

"Ìyẹn dáa."

"Ẹ bi í bí lẹ́tà ẹ̀ ṣe tóbi tó!" Ìyá Ọgbà ké.

Alága wúkọ́. "Lẹ́tà yẹn kéré díẹ̀. Òfin wa ló pọ̀, a sì fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ gba ojú pátákó."

"Baálẹ̀, ìṣísẹ̀ méjì ni pátákó yẹn sí ẹyin. Kéèyàn tó rí i kà, àfi kó kúnlẹ̀!"

"Òótọ́ ni," ìjòyè tó ń tòògbé wí. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kúnlẹ̀ kí n tó kà á tán."

Gbogbo ààfin yíjú sí i. Ó tún pa ojú rẹ̀ dé wéré.

"Òkúta tí wọ́n kùn ní funfun ńkọ́?" Ìyá Ọgbà bèèrè. "Ẹ ní kó sọ ti òkúta."

"Ojú ọ̀nà la fi là," Alága wí, "kí aráàlú lè mọ ibi tí wọn ò gbọ́dọ̀ dé."

"Níbo lojú ọ̀nà náà ti bẹ̀rẹ̀?" Baálẹ̀ bèèrè.

"Lẹ́nu géètì ọgbà."

"Ibo ló parí sí?"

Alága wo àjà. "Ìdí ẹyin, Baálẹ̀."

Baálẹ̀ fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Oòrùn tí obìnrin yìí ń sọ ńkọ́?"

"A ti yanjú ìyẹn!" Inú Alága dùn. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n gbé agboòrùn pupa kan fún un, ó sì ṣí i láàárín ààfin. Ó gba gbogbo iwájú Baálẹ̀. "Èyí la fi ṣíji bo ẹyin."

"Ẹyẹ ò dé abẹ́ ẹ̀ rí!" Ìyá Ọgbà wí. "Àwòdì ló pè é."

"Àwòdì pupa? Ta ló rí àwòdì pupa rí?"

"Ẹyẹ náà rí i lọ́jọ́ yẹn!"

"A tún fún un lóúnjẹ," Alága wí. "Búrẹ́dì, láàárọ̀ àti lálẹ́."

"Kì í jẹ búrẹ́dì! Kannakánná ló ń jẹ ẹ́. Mẹ́fà ló ń wá jókòó ti ẹyin báyìí, Baálẹ̀. Wọ́n ti rí búrẹ́dì, wọ́n ń dúró de ohun tí wọ́n máa fi jẹ ẹ́."

Bó ti sọ ọ́ tán ni nǹkan ké gàà lórí òrùlé. Apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì ẹgbẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn kannakánná ti tẹ̀lé e wá sílé ẹjọ́.

Wọ́n pe Akọ̀wé ẹgbẹ́. Ó gbé ìwé ńlá kan dání.

"Ètò wà lórí ìṣọ́ wa," ó wí. "Èèyàn méjì-méjì, wákàtí méjì-méjì. Ogún ìṣísẹ̀ la máa ń fi jìnnà sí ẹyẹ."

"Mẹ́ta ni," ọkùnrin kan wí lẹ́yìn. Akápò wọn ni.

"Ogún ni Alága ní kí n kọ."

"Mo ní kó o kọ ọ́," Alága sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. "Mi ò ní kẹ́ ẹ máa rìn ín."

"Ṣé ẹyẹ náà sá fún yín?" Baálẹ̀ bèèrè.

"Rárá o," Akọ̀wé wí. "Ó kàn ń fò yí wa ká lórí ni, ó ń kọrin. Ó ń kí wa."

"Ó ń ṣẹ́ yín lépè ni!" Ìyá Ọgbà wí.

"Ó ṣu sí mi lórí lẹ́ẹ̀mẹta," Akápò wí.

"Ṣé ìkíni nìyẹn náà?" Baálẹ̀ bi Akọ̀wé. Akọ̀wé ṣí ìwé rẹ̀, ó ń wá a láti ojú ewé dé ojú ewé.

Baálẹ̀ mí kanlẹ̀. "Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló fata sẹ́nu yìí."

Ọkàn Ìyá Ọgbà balẹ̀. Ó ti mọ̀ pé òun ti jàre. Ó ti ń ronú bí yóò ṣe sáré padà setíkun lọ wo ẹyin, nígbà tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ wọlé. Apẹja ni, ibi tó ń so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ dojú kọ ibi tí ẹyẹ yé sí. Àwọ̀n ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Ṣé o rí àwọn wọ̀nyí nídìí ẹyẹ?" Baálẹ̀ bi í.

"Mo rí wọn, Baálẹ̀. Tàwọn ti àga, tàwọn ti kúlà."

"Ẹ ò gbọ́!" Ìyá Ọgbà wí.

"Ta ló tún ń lọ síbẹ̀?"

Apẹja yọ fìlà. Ó wo Ìyá Ọgbà, ó wo ilẹ̀. "Ẹ má bínú, màmá. Ẹ̀yin náà ni."

Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú lórí àga.

"Kí ló ń lọ ṣe?"

"Ó ń lọ ka ẹyin, Baálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lójúmọ́."

"Iṣẹ́ mi ni!" Ìyá Ọgbà wí. Ó gbé ìwé kékeré tó ń kọ ọ́ sí sókè.

"Ẹyin mélòó lo bá láàárọ̀?" Baálẹ̀ bi í.

"Méjì."

"Lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Méjì."

"Nírọ̀lẹ́?"

"Méjì ni, Baálẹ̀."

"Àbí ẹ̀kẹta ń ti ìrìn àjò bọ̀ ni?"

Àwọn ogójì bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú bo Ìyá Ọgbà débi pé kò mọ ibi tí yóò fi ìwé náà sí. Ọdún mọ́kànlá ló fi ń lé ẹsẹ̀ àwọn ẹlòmíràn kúrò nínú iyanrìn yẹn. Kò rò ó rí pé lójú ẹyẹ, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà, ẹsẹ̀ ni. Ó dùn ún, nítorí òtítọ́ ni.

"Ìwọ apẹja, kí ló dá ọ dúró tó o fi pẹ́?"

"Mo jókòó sínú ọkọ̀ mi, mò ń wòran ni. Ẹyẹ náà ti padà sórí ẹyin."

Ìyá Ọgbà fò dìde. "Ìgbà wo?"

"Kò pẹ́ tí gbogbo yín kúrò níbẹ̀ tẹ́ ẹ wá pẹjọ́. Ó rìn yí ẹyin ká lẹ́ẹ̀kan, ó na ìyẹ́, ó jókòó. Kò tíì dìde nígbà tí mo kúrò."

Baálẹ̀ wo ogójì ṣẹ́ẹ̀tì, ó wo agboòrùn pupa, ó wo Ìyá Ọgbà. "Ó ku ọjọ́ mélòó kí ẹyin tó pa?"

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá."

"Ẹ ti ilẹ̀kùn."

Wọ́n tì í.

"Ẹjọ́ yìí le," Baálẹ̀ wí. "Kò ṣeé dá lóòjọ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni n ó fi gbọ́ ọ, láti ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn ẹyẹ náà gbọ́dọ̀ jókòó síbí lójoojúmọ́. Ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ, ẹnu ni yóò fi fẹ́ gbogbo iyanrìn tẹ́ ẹ kó wọ ààfin mi yìí jáde. Alága yóò máa ka ìwé òfin ẹgbẹ́ fún wa. Tó bá rẹ̀ ẹ́, Akọ̀wé yóò ka àkọsílẹ̀ ìpàdé."

"Gbogbo rẹ̀?" Akápò bèèrè, ẹ̀rù ti bà á.

"Gbogbo rẹ̀."

"Baálẹ̀, kí làwa ìjòyè ṣe?" ẹni tó ń tòògbé bèèrè, oorun ti dá lójú rẹ̀.

"Ìwọ ti kúnlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Èmi náà gba ojú ọ̀nà funfun yẹn lọ́jọ́ Àìkú, èmi àti ọmọ-ọmọ mi mẹ́ta. Mo jẹ̀bi. Apẹja, ṣé o fẹ́ràn ẹyẹ yìí?"

"Mi ò rí tiẹ̀ rò, Baálẹ̀. Ẹja ni mò ń pa."

"Ìwọ máa lọ. Bó o bá ń kọjá, ti géètì ọgbà, má wọnú ẹ̀. Gbé apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì yẹn wọlé sí wa, kí àwọn kannakánná lè bá wa gbọ́ ẹjọ́ parí."

Ìyá Ọgbà gbé ọwọ́ sókè. "Baálẹ̀, èmi ni mo pẹjọ́. Ṣé mo jàre ni àbí mo jẹ̀bi?"

"O jàre. Jókòó."

Ó jókòó. Ó fẹ́ bínú, kò rí ìbínú náà. Ó ń wo ẹyẹ yẹn lọ́kàn, tó na ìyẹ́ bo ẹyin, tí ẹnikẹ́ni ò dúró tì í. Inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó fi ìwé rẹ̀ sábẹ́ ìdí, ó jókòó lé e.

Alága nìkan ni kò tíì gbà. Ó dìde, ó pa gbogbo ènìyàn lẹ́nu mọ́.

"Baálẹ̀, bí gbogbo wa bá wà níbí fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ta ni yóò máa ṣọ́ ẹyin?"

"Ìyá tó yé wọn ni," Baálẹ̀ wí. "Ó yá, ṣí ìwé òfin yín. Bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní."