Ìkéde Nípa Bàtà Tó Ń Tò Sórí Ìlà ní Ilé Gogoro

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìlámọ̀jà, tonílé tàlejò! Ẹni tó ń jẹun, kó gbé òkèlè kalẹ̀! Ẹni tó ń fárí, kó dá abẹ dúró! Ẹni tó fá apá kan kò kú. Yóò fá apá kejì bí ọ̀rọ̀ ọba bá tán!

Ọ̀rọ̀ Ilé Gogoro ni o! Ilé Gogoro wa, tí àwọn baba wa mọ kí wọ́n lè máa rí ọ̀tá lókèèrè! Ọ̀tá kò wá mọ́. Àlejò ló ń wá. Àlejò wá pọ̀ ju ọ̀tá àtijọ́ lọ! Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ sì tóóró, èèyàn kan ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Ni ìlà bá gùn. Ìlà gùn o! Orí ìlà wà lẹ́nu ọ̀nà Ilé Gogoro, ìdí ìlà wà ní ìsọ̀ ẹran!

Kò sẹ́ni tó fẹ́ tò. Bẹ́ẹ̀ gbogbo ayé ló fẹ́ gòkè. Ni àwọn ọlọ́gbọ́n bá dá ọgbọ́n. Wọ́n á jí ní kùtùkùtù, wọ́n á fi bàtà sórí ìlà, wọ́n á padà lọ sùn. Ẹni tí kò ní bàtà á fi igbá. Ẹni tí kò ní igbá á fi asẹ́ ìyàwó rẹ̀. Ọgbọ́n ìdí ẹ̀rọ omi ni. Wọ́n gbé e wá sí Ilé Gogoro!

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá ló bí òfin tuntun. Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ọ.

Ìyá kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, onídìrí tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé. Ẹ mọ̀ ọ́n. Orí ìyàwó yín ti bọ́ sí i lọ́wọ́ rí! Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Mopélọ́lá, wà nílé ọkọ ní Ọ̀dàn-Ẹyẹ, lódìkejì odò. Oyún ọmọ náà ti pé. Odò kún, ọkọ̀ ojú omi dúró. Iná lọ lọ́hùn-ún, fóònù kú. Ṣùgbọ́n kí odò tó kún, ọkọ Mopélọ́lá ti sọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀ pé, "Màmá, bó bá ti sọ̀ láyọ̀, màá sá aṣọ pupa sórí òrùlé." Ibo lèèyàn sì ti lè rí òrùlé Ọ̀dàn-Ẹyẹ ní ìlú yìí? Lórí Ilé Gogoro nìkan ni!

Ilẹ̀ mọ́, Àwẹ̀ró kò fẹnu kan ẹ̀kọ. Ó dé ibẹ̀, ó bá ìlà. Ìlà gùn, ṣùgbọ́n kò lórí, kò lọ́rùn. Bàtà ni! Sálúbàtà, bàtà rọ́bà, bàtà gogoro, asẹ́ méjì, odó kan. Odó! Ta ló gbé odó wá? A kò tíì mọ̀. Àwẹ̀ró lọ sí ìdí ìlà, ó fi ara tirẹ̀ tò sẹ́yìn odó. Òun nìkan ni èèyàn níbẹ̀!

Súbérù, aṣọ́nà Ilé Gogoro, ṣílẹ̀kùn. Ẹ mọ Súbérù. Bí òfin bá ní kó dúró sójú òjò, ojú òjò ni ẹ ó ti bá a. Ó kígbe: "Ẹni tó kàn!" Kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Ó wo ilẹ̀. Bàtà tó wà níwájú pátápátá, bàtà onílẹ̀kẹ̀ ni! Bàtà Kábíyèsí! Kábíyèsí fúnra wọn ti rán bàtà wá tò!

Ọ̀ràn dé! Súbérù dọ̀bálẹ̀ fún bàtà. Bàtà kò ní kó dìde. Bó bá fo bàtà ọba, èèwọ̀ ni. Bó bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ti lé ọba kúrò lórí ìlà. Ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí oòrùn fi mú. Àwọn tó ni bàtà jí, wọ́n dé, èrò kún, ariwo ta. Gbogbo wọn ń jágbe mọ́ Súbérù. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fọwọ́ kan bàtà náà.

Ara Àwẹ̀ró kò gbà á mọ́. Ọmọ ẹni kì í rọbí lókèèrè kí ìyá rẹ̀ máa wo ẹ̀yìn odó! Ó kúrò nídìí ìlà, ó kọjá gbogbo wọn. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ tò!" Kò wo ẹ̀yìn. Ó dé iwájú bàtà, ó kúnlẹ̀.

"Kábíyèsí," ó ní, "ẹ kú ìdúró o. Ẹsẹ̀ yín kò bá yín wá, ẹ kò lè dá gòkè. Ẹ jẹ́ kí n gbé yín."

Ó tú gèlè, ó fi ṣe òṣùká, ó gbé bàtà ọba ka orí. Súbérù gbójú sókè láti ilẹ̀. "Màmá, òfin kò sọ pé..."

"Òfin ní ẹni tó kàn ni kó wọlé, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Kábíyèsí ló kàn. Èmi kàn ń rù wọ́n ni."

Súbérù rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ó dìde, ó yà fún un.

Àwẹ̀ró gòkè. Orúnkún ń ké, kò dá a lóhùn. Ó dé òkè, kò wo ọjà, kò wo ààfin. Òdìkejì odò ló kọjú sí. Ìkùukùu ló kọ́kọ́ rí. Ó fi ọwọ́ di ojú fèrèsé mú. Atẹ́gùn fẹ́. Òrùlé kan yọ, aṣọ pupa kan ń fì lórí rẹ̀. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú, ó tún wò. Aṣọ kan kọ́! Méjì ni! Aṣọ pupa méjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn! Ìbejì ni Mopélọ́lá bí o! Ìbejì!

Àwẹ̀ró bú sórin, ó ń jó lókè, bàtà ọba ń mì lórí rẹ̀. Àwọn tó ń jà nísàlẹ̀ gbọ́. Wọ́n gbàgbé ìjà. "Ẹ kú ewu ọmọ o!" ni gbogbo ìlà ń pariwo.

Kábíyèsí gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín títí adé fi fẹ́ẹ̀ ṣí. Lẹ́yìn náà, ojú wọn le. Òfin dé! Òfin dé o!

Èkíní! Bàtà kò gbọdọ̀ tò fún ẹlẹ́sẹ̀! Bàtà tí a bá bá lórí ìlà, a ó gbé e gòkè, a ó fi ìlú hàn án, a ó gbé e sọ̀. Ẹni tó ni ín ti gòkè nìyẹn! Bó bá tún fẹ́, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìlà!

Èkejì! Ẹ yé yá ọmọ ọlọ́mọ pọ̀n kí wọ́n lè ní "ọlọ́mọ ni, ẹ jẹ́ ó kọjá"! Ọmọ ọwọ́ Múdà, tí ẹ ń yá pọ̀n lójoojúmọ́, ti gun Ilé Gogoro títí ó fi sú u. Ìyá rẹ̀ kò gùn ún rí! Ẹni tí a bá tún mú, òun ni yóò máa pọn ọmọ náà títí yóò fi já a lẹ́nu ọmú!

Ẹ̀kẹta! Ẹni tó bá rìn lọ síwájú tó ní "mo kàn fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan ni", a ó dá a lóhùn. A ó sì fi í ṣe ẹni àkọ́kọ́, bí a bá kà á láti ẹ̀yìn!

Ẹ̀kẹrin! Ẹni tó dókè, kó wò, kó sọ̀. Kó má dúró máa yẹ ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn wò!

Ẹ̀karùn-ún! Ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń rọbí lódìkejì odò kì í tò. Kì í tò! Ẹni tó bá ní kó tò, aṣọ ìbejì ni yóò máa fọ̀ títí àwọn ìbejì yóò fi rìn!

Òfin mú ẹni tó ṣe é. Bàtà Kábíyèsí ti gòkè. Nítorí náà, Kábíyèsí fúnra wọn wà ní ìdí ìlà báyìí, ní ìsọ̀ ẹran, lẹ́yìn Lámídì alápatà. Ẹ kí wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdọ̀bálẹ̀ ń dá ìlà dúró!

Ẹnu tèmi ni, ọ̀rọ̀ ọba ni. Mo rù ú, mo sọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó lọ bi Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ tò sẹ́yìn wọn o!