Ìgò Tó Wà ní Ìtọ́jú Mi

Ọjọ́ Ìsinmi kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé. Tí mo bá gbóòórùn atalẹ̀ báyìí, ojú ṣì máa ń tì mí.

Nígbà yẹn, ìjọ wa kékeré ní Àgídìngbì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olùtọ́jú ọtí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Wọ́n ní nítorí pé n kì í mutí ni wọ́n ṣe fọkàn tán mi. Inú mi dùn débi pé mo pe àlùfáà wa wá jẹun lọ́jọ́ Sátidé.

Lórí fóònù ni mo ti rí ọbẹ̀ adìẹ kan tí àwọn òyìnbó ń fi ọtí dídùn sè, irú èyí tí wọ́n ti bu ọtí líle kún kó lè lágbára. Mo wá irú ọtí bẹ́ẹ̀ dé Maryland, mi ò rí i. Fóònù náà ní kò burú, ọtí dídùn mìíràn tó bá jọ ọ́ lè rọ́pò rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rántí ìgò ọtí dídùn ìjọ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi.

Ṣíbí méjì péré ni mo ní lọ́kàn. Mo tọ́ ọbẹ̀ wò, ó ku díẹ̀. Mo tún bu díẹ̀ sí i, mo tún tọ́ ọ wò. Èmi tí n kì í mutí, mo tọ́ ọbẹ̀ wò títí orin fi bọ́ sí mi lẹ́nu. Kí n tó mọ̀, ìgò ti gbẹ.

Àlùfáà jẹun, wọ́n lá ọwọ́.

"Sístà, ọbẹ̀ yìí mà dùn o! Ó dà bíi pé mo ti tọ́ ọ wò níbì kan rí."

Mo yáa bu ìrẹsì kún abọ́ wọn.

Ilẹ̀ mọ́, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó tíì ṣí, ìsìn sì ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ipò mi bọ́ lọ́wọ́ mi o. Ni mo bá rọ sóbò inú fíríìjì mi sínú ìgò náà. Ó pupa, ó dùn, ta ló máa mọ̀? Mo gbàgbé pé mo ti lọ atalẹ̀ sí i, kì í sì í ṣe díẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ mu ún ṣẹ́jú. Ẹnì kejì wúkọ́. Màmá Adó, ìyá àgbà tó máa ń jókòó níwájú, di ife mú, wọn ò fẹ́ fi sílẹ̀. Àlùfáà ló máa ń mu kẹ́yìn ní ìjọ wa. Wọ́n mu ún, wọ́n wo inú ife, wọ́n wá wo ojú mi.

Lẹ́yìn ìsìn, mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Àlùfáà ní kí n dìde. "A jẹ́ pé èmi náà bá ọ jẹ nínú ẹ̀ nìyẹn."

Wọ́n gba ìgò, wọ́n fún mi ní ìgbálẹ̀. Láti ọjọ́ náà, tí fóònù bá ní nǹkan kan lè rọ́pò òmíràn nínú ọbẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ bi ara mi pé ta ló ni ín. Ṣùgbọ́n Màmá Adó ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán. Tí wọ́n bá ti bá mi níbi tí mo ti ń gbálẹ̀, wọ́n á rọra sọ̀rọ̀ sí mi létí.

"Ọmọ mi, ìgbà wo ni wọ́n máa dá ọ padà sídìí ọtí? Ti àwọn wọ̀nyí ò ta lẹ́nu rárá."

Ẹ̀rín ni mo máa ń rín, màá sì máa gbálẹ̀ mi lọ.