Pápá Tuntun Ẹ̀yìn Máìlì Kẹfà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ? Bí ẹ bá bi àwọn olùkọ́, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ìṣirò ni. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ìlú kan wà tó ń jẹ́ Ìpàró. Àwọn ará Ìpàró ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tí wọ́n ń pè ní Àṣá, àárín ìlú gan-an sì ni pápá wọn wà. Pápá náà kéré. Ṣọ́ọ̀ṣì wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ilé alágbẹ̀dẹ wà lápá òsì. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń so ọkọ àti ìyàwó pọ̀ lọ́wọ́, bọ́ọ̀lù gba ojú fèrèsé wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó gbá a padà síta, bọ́ọ̀lù sì wọ inú ilé góòlù. Títí dòní, àwọn ará Ìpàró ń jiyàn pé ó yẹ kí wọ́n ka góòlù yẹn. Bí Àṣá bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tí kò bá tètè dé á gun igi, ẹni tí kò bá rí igi gùn á gun òrùlé alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ á sì máa fi ọmọ owú halẹ̀ mọ́ wọn láti ìsàlẹ̀.

Alága ẹgbẹ́ náà ni Olóyè Látúbọ̀sún, ọkùnrin sísanra kan tó lawọ́, tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bínú sí òun. Lọ́jọ́ kan ó pe gbogbo ìlú jọ.

Ó ní, “Ẹ̀yin èèyàn mi, ìyà pápá kékeré ti tán. Mo ti kọ́ tuntun. Ìjókòó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta! Koríko rẹ̀ rọ̀ bí òwú!”

Ariwo sọ. Àwọn kan ti ń jó. Ìgbà náà ni Màmá Wúràọlá dìde. Màmá yìí ni olórí àwọn alátìlẹ́yìn Àṣá. Agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló gbẹ̀bí mẹ́sàn-án nínú àwọn mọ́kànlá tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà, nítorí náà kò sí ẹni tó ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, “Olóyè, ẹ ṣeun, ẹ ó ṣe púpọ̀ sí i. Níbo ni pápá ọ̀hún wà?”

Olóyè wúkọ́. “Ojú ọ̀nà Ẹ̀gùnlẹ̀ ni, Màmá.”

“Ojú ọ̀nà Ẹ̀gùnlẹ̀ gùn. Níbo níbẹ̀?”

“Ṣé ẹ mọ òkúta máìlì tí wọ́n kọ ẹ̀fà sí lára?”

“A mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ̀yìn rẹ̀ ni.”

“Ẹ̀yìn ẹ̀fà. Ṣé ká kúkú máa pè é ní èje?”

“Màmá, ẹ̀yìn ẹ̀fà ni mo wí,” ni Olóyè sọ, ó sì tètè ní kí wọ́n pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Nígbà tí ọtí dé, ìbéèrè tán.

Kò sẹ́ni tó ti dé ibẹ̀ rí nínú wọn. Àwọn ará Ẹ̀gùnlẹ̀ ni Olóyè gbà síṣẹ́, àwọn ló ṣán igbó, àwọn ló mọ bíríkì. Ó sì yẹ kí ìyẹn fu èèyàn lára, ṣùgbọ́n inú wọn dùn jù.

Ìdíje àkọ́kọ́ tí wọ́n fẹ́ gbá níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àṣá fẹ́ kojú Ẹfọ̀n, ẹgbẹ́ ìlú Ẹ̀gùnlẹ̀ fúnra wọn, ẹgbẹ́ tó bá sì borí ló máa gòkè lọ sí líìgì ńlá. Ọdún méjìlélógún ni Ìpàró ti ń wá ọ̀nà àtigòkè. Aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fi í sí. Òfin sì le: ẹgbẹ́ tí kò bá tíì sí lórí pápá ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti fìdí rẹmi nìyẹn.

Nígbà tó di Sátidé, láti aago mọ́kànlá àárọ̀ ni Ìpàró ti tú jáde. Àwọn kan gun kẹ̀kẹ́, àwọn tó pọ̀ jù fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n ní, “Máìlì mẹ́fà, kí ló wà níbẹ̀? Oko bàbá wa jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Wọ́n ń kọrin lọ. Nígbà tí wọ́n dé ìdí òkúta tí wọ́n kọ ẹ̀fà sí, wọ́n yípo rẹ̀ lọ sẹ́yìn lóòótọ́. Bàbá àgbẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Ṣówándé ni wọ́n bá níbẹ̀, ó ń roko iṣu rẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Níbo ni pápá wà?”

“Pápá kẹ̀? Ebè ni mo kọ síbí. Ẹ rọra tẹlẹ̀ o, ewé iṣu mi nìyẹn!”

“Bàbá, pápá tó gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn. Ṣé ẹ ò rí i ni?”

Bàbá Ṣówándé fi ọkọ́ ti ilẹ̀, ó wò wọ́n títí. “Ká ní mo rí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá ti gbin iṣu sí i.”

Wọn ò gbà á gbọ́. Wọ́n tú oko náà wò láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bí ẹni pé pápá ìṣeré lè sá pamọ́ sábẹ́ ewé iṣu. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì tó gbé àwọn agbábọ́ọ̀lù bá wọn. Múfútàù ló ń wà á, Màmá Wúràọlá sì jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè rìn jìnnà. Múfútàù náà tún gbé bọ́ọ̀sì yí oko ká, ó wọ ipa ọ̀nà kan, ó jáde ní òmíràn, kò rí pápá.

Màmá ní, “Ẹ̀yìn ẹ̀fà ló wí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ síwájú.”

Wọ́n dé máìlì keje. Alángbá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ó ń mi orí sí wọn. Wọ́n dé ìkẹjọ, odò ni. Àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ́jú níbẹ̀, orin ti tán lẹ́nu wọn. Wọ́n dé ìkẹsàn-án, igbó. Màmá yọ orí síta lójú fèrèsé.

Ó ní, “Ẹ̀yìn ẹ̀fà yìí mà ní ẹ̀yìn o!”

Ní máìlì kẹwàá, bọ́ọ̀sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Múfútàù sọ̀ kalẹ̀, ó káwọ́ lérí.

Kóòṣì Àṣá ní, “Múfútàù, kí ló dé?”

“Epo ló tán, ọ̀gá. Máìlì mẹ́fà ní àlọ, mẹ́fà ní àbọ̀ ni mo rà. Ìyókù la fi wá pápá kiri inú iṣu.”

Aago mẹ́ta ti kọjá. Nígbà yẹn fóònù alágbèéká kò tíì dé, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ránṣẹ́ sí Olóyè. Kóòṣì wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó yan mẹ́fà tí ẹsẹ̀ wọn yá jù. Ó ní kí wọ́n máa sáré lọ títí wọ́n á fi rí pápá, kí wọ́n bẹ rẹfirí kó dúró. Akínlàbí, tó jẹ́ aṣọ́lé àti olórí ikọ̀, ló ṣáájú wọn.

Wọ́n ní kí Màmá sọ̀ kalẹ̀ kí bọ́ọ̀sì lè fúyẹ́, kí àwọn tó kù lè tì í. Màmá di bẹ́líìtì rẹ̀ mọ́ra.

“Wọ́n ní ẹ̀fà, mo ti bá yín dé ẹ̀fà. Ohun tó bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yin lẹ máa gbé mi débẹ̀.”

Ta ló máa bá ẹni tó gbẹ̀bí rẹ̀ jiyàn? Agbábọ́ọ̀lù márùn-ún ti èjìká bọ ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì. Àwọn ará ìlú tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ bá wọn níbẹ̀, àwọn náà dì í mú. Ó di pé gbogbo Ìpàró ń ti bọ́ọ̀sì, Màmá sì ń fun fèrè lójú fèrèsé pé kí wọ́n má sinmi.

Àwọn mẹ́fà sáré, sáré, sáré. Ní máìlì kejìlá, wọ́n gun òkè kan, wọ́n sì rí i. Pápá náà rẹwà, mi ò ní purọ́ fún yín. Ó ń tàn yanran nísàlẹ̀ òkè. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn tún wà tí wọ́n rí: lẹ́yìn pápá náà gan-an, kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òrùlé ilé wà lọ rẹrẹ, èéfín ń jáde lẹ́yìn ilé ìdáná.

Ráímì, tó ń gbá iwájú, ní, “Ìlú wo nìyẹn?”

Akínlàbí ní, “Ẹ̀gùnlẹ̀ ni. Olóyè ti lọ kọ́ pápá wa sí ẹ̀yìnkùlé àwọn tá a fẹ́ bá gbá bọ́ọ̀lù!”

Òótọ́ ni. Àwọn ará Ẹ̀gùnlẹ̀ ti kún gbogbo ìjókòó, wọ́n na ẹsẹ̀. Obìnrin kan gbé ẹ̀wà kaná nílé, ó wá wo bí Ẹfọ̀n ṣe ń nara, ó padà lọ fi omi sí ẹ̀wà, ó tún ti dé. Olóyè Látúbọ̀sún nìkan ni ará Ìpàró tó wà níbẹ̀. Aṣọ àrán ló wọ̀, òógùn ti mú kó lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Rẹfirí náà kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, ó ka àwọn tó wà níwájú rẹ̀.

“Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà. Ẹ̀yin mẹ́fà. Òfin ní ẹgbẹ́ tí kò bá pé méje kò lè gbá bọ́ọ̀lù.”

Olóyè sáré dé. “Ẹ ka èmi náà mọ́ wọn!”

Rẹfirí wo ikùn Olóyè, ó wo bàtà aláwọ rẹ̀. Ó yíjú sí Akínlàbí. “Olórí ikọ̀, kí ló wà lẹ́yìn ẹ̀yin mẹ́fà? Bí mo bá dúró, ṣé ẹ ó pé méje?”

Akínlàbí ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó rántí gbogbo ìlú rẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ lẹ́yìn bọ́ọ̀sì.

Ó ní, “Ọ̀gá, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.”

Àwọn ará Ẹ̀gùnlẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Rẹfirí gbé fèrè sẹ́nu. Kó tó fun ún, fèrè mìíràn dún láti orí òkè. Gbogbo èèyàn gbójú sókè. Wọ́n rí orí bọ́ọ̀sì tó yọ, kò sí ìró ẹ́ńjìnnì. Wọ́n rí èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n rí èèyàn lẹ́yìn àwọn yẹn, títí wọn ò fi rí ìdí wọn mọ́. Agbábọ́ọ̀lù márùn-ún fi bọ́ọ̀sì sílẹ̀, wọ́n sáré sọ̀ kalẹ̀ wá. Rẹfirí kà wọ́n dé mọ́kànlá, ó gbé bọ́ọ̀lù sáàárín.

Wọn ò tíì gbá a ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí bọ́ọ̀sì fi bọ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ìpàró lórí òkè. Ó ń yí bọ̀ fúnra rẹ̀, Múfútàù tẹ bíréèkì títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró, Màmá ń fun fèrè, gbogbo ìlú ń sá tẹ̀lé e, wọ́n ń pariwo “Ẹ yà fún un!” Ó gba ẹnu géètì wọlé, ó rì sínú yanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, ó dúró jẹ́ẹ́. Aṣọ́lé Ẹfọ̀n ti yíjú sí i, ó la ẹnu sílẹ̀. Ráímì kò wo bọ́ọ̀sì. Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ó rọra ti bọ́ọ̀lù sínú ilé.

Góòlù! Àwọn Ẹfọ̀n ní kí rẹfirí fagi lé e, ó ní bọ́ọ̀sì kò tẹ ojú pápá.

Látìgbà náà, ẹsẹ̀ àwọn Àṣá kò gbé wọn mọ́. Wọn ò sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù kankan. Àwọn mọ́kànlá kàn tò síwájú ilé wọn bí ọgbà, bọ́ọ̀lù ń bà wọ́n níkùn, ó ń bà wọ́n léjìká, ó ń padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di í mú títí rẹfirí fi fun fèrè ìparí. Ìpàró gòkè! Àwọn èèyàn dọ̀bálẹ̀ sórí koríko tó rọ̀ bí òwú náà, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan sì ti sùn lọ.

Màmá Wúràọlá sọ̀ kalẹ̀, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ Olóyè. Olóyè wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ibi sá sí.

“Látúbọ̀sún, ìwọ ọmọ yìí. Máìlì mélòó nibí?”

“Méjìlá, mà.”

“Kí lo sọ fún wa?”

“Ẹ̀yìn ẹ̀fà ni mo wí, mà. Ṣé kejìlá kò sí lẹ́yìn ẹ̀fà ni?” Ó kúnlẹ̀. “Màmá, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mi ò ga, mi ò sì lè gun igi. Ẹ̀yìn àwọn tó dúró níwájú mi ni mo máa ń wò. Mo mọ ẹ̀yìn gbogbo ọkùnrin Ìpàró, mi ò mọ bí góòlù ṣe ń wọlé. Mo pinnu pé gbogbo wa ló máa rí ìjókòó lọ́jọ́ kan. Ibí nìkan ni mo ti rí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó bẹ́ẹ̀. Ká ní mo ti sọ pé máìlì kejìlá ni, ṣé ẹ ò bá gbà?”

“A ò ní gbà láéláé.”

“Ẹ ò rí i bí?”

Màmá fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá èjìká Olóyè mú kó má bàa ṣubú. Ó dájọ́ fún un lójú ẹsẹ̀: láti ọjọ́ náà, bọ́ọ̀sì tí epo rẹ̀ kún ni yóò máa kó ìlú wá, Olóyè fúnra rẹ̀ kò sì ní fi mọ́tò tirẹ̀ wá mọ́, inú bọ́ọ̀sì ni yóò jókòó sí, lẹ́yìn pátápátá.

Olórí ikọ̀ Ẹfọ̀n ló wá bá wọn. Ó ní, “Ẹ nà wá o, ó dùn wá. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà wa lẹ ti nà wá, ẹ ò lè lọ láìjẹun.” Bí gbogbo Ìpàró ṣe di àlejò nìyẹn. Ẹ̀wà obìnrin tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn ló kọ́kọ́ tán.

Láti ìgbà náà, bí télọ̀ bá ní aṣọ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, bí àwọn àna bá ní nǹkan díẹ̀ péré làwọn fẹ́, bí ẹnìkan bá júwe ilé fún yín tó ní ẹ̀yìn ibẹ̀ yẹn ni, ohun tí ará Ìpàró á sọ fún yín ni pé kí ẹ wọ bàtà tó dára. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Wọn ò kà á nínú ìwé. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi kà á.