Omi Àlùwàlá tí Mo Fún Ọkọ̀ Ìjàpá Mu

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò láyé, n ò ní gbàgbé ọjọ́ Sátidé tí mo fún mọ́tò lómi àlùwàlá mu. Títí di òní, bí ó bá sọ sí mi lọ́kàn níbi tí mo ti ń ṣe bí àgbà láàárín èèyàn, ṣe ni ojú máa ń tì mí lọ́tun.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni. Télọ̀ ni mí ní Aboabo, ní Tamale níbí. Ẹni tí kò bá fẹsẹ̀ rìn ládùúgbò wa, alùpùpù ló ń gùn. Èmi náà ní tèmi, ṣùgbọ́n mò ń fẹ́ Múlíkà, ọmọ Àfáà wa, mo sì gbà pé bàbá tó bá rí mi nínú mọ́tò kò ní béèrè ohunkóhun mọ́ lọ́wọ́ mi. Ni mo bá sọ ara mi di ọ̀mọ̀ràn nípa mọ́tò Jámánì. Ibi tí mo ti kọ́ ọ ni ojú ìwé ìròyìn kan tí wọ́n fi di ẹ̀pà fún mi. Ojú ìwé náà ti ya láàbọ̀, ìmọ̀ mi sì parí síbi tó ti ya.

Fuseini, Dàgómbà kan tó jẹ́ fítà, tó ń tún mọ́tò ṣe ní Dungu, ló mú mi lọ wo àlòkù mẹ́ta. Àkọ́kọ́ gùn, ó sì ń dán, ṣùgbọ́n Fuseini ní bí nǹkan kan bá bàjẹ́ lára rẹ̀, Accra la ó ti máa wá a. Wáyà inú ìkejì pọ̀ bí irun orí. Ìkẹta ni ìjàpá, mọ́tò kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn.

“Èyí ni kó o mú,” Fuseini sọ fún mi ní Hausa. “Ó dùn ún wà, ìtọ́jú rẹ̀ ò sì le. Afẹ́fẹ́ ló ń mú kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù, nítorí náà…”

Èmi ti wà nídìí dígí, mò ń wo bí fìlà mi ṣe jókòó.

“Mo mọ̀,” ni mo wí. “Mo ti kà á.”

Bí mo ṣe ra ìjàpá nìyẹn. Sátidé yẹn, ìsọmọlórúkọ wà ní Jisonayili, Àfáà ló sì fẹ́ sọ ọmọ náà lórúkọ. Mo sáré lọ bá wọn. “Àfáà, ẹ má gun alùpùpù ẹnikẹ́ni o. Èmi ni mo máa gbé yín.” Wọ́n jókòó síwájú, agbádá wọn kún ibẹ̀ fọ́fọ́, kẹ́tùlù oníke tí wọ́n fi ń gbé omi àlùwàlá sì wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Ìyá Múlíkà wà lẹ́yìn. Ọyẹ́ ti mú, ọ̀fìnkìn sì ti dí mi nímú.

“Mọ́tò yìí dára o, ọmọ mi,” ni Àfáà wí.

Ọmọ mi! Orí mi wú. Mo ní kí n tún fi ìmọ̀ díẹ̀ kún un. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà.

“Àfáà, mọ́tò Jámánì, wọ́n máa ń fún un lómi lójú ọ̀nà ni.”

“Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Mo wá ojú omi lẹ́yìn, n ò rí i. Mo ṣí iwájú, mo rí ìdérí róbótó kan. Mo rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ìṣúra, mo sì tọrọ kẹ́tùlù.

“Ó mà ń rùn bí bẹntiróòlù níbẹ̀ yẹn,” Ìyá Múlíkà wí.

“Bí tiwọn ṣe máa ń rùn nìyẹn, Màmá.”

Mo da omi náà tán pátápátá. A rìn díẹ̀, mọ́tò wúkọ́, ó ta pọ́ún bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ igi, ó sì kú. Láwàní Àfáà yọ bò wọ́n lójú.

“Kí ló ṣe é?”

“Omi náà ló ń wọ̀ ọ́ lára, sà.”

Àwọn alùpùpù ń kọjá, gbogbo wọn ló ń kí Àfáà. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe àlùwàlá. Wọ́n gbọn kẹ́tùlù wò, wọ́n wo mọ́tò, wọ́n wò mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ kan yẹ̀pẹ̀, wọ́n sì fi pa ojú àti ọwọ́ dípò omi. Àfáà odindi! Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì.

Ibẹ̀ la wà tí Múlíkà fi gun alùpùpù rẹ̀ dé. “Bàbá, gbogbo ilé ń dúró dè yín!” Àfáà gun ẹ̀yìn alùpùpù ọmọ wọn, agbádá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, wọ́n lọ. Nígbà tó yá, Múlíkà padà wá, ó gbé Fuseini dání. Fuseini tẹ̀ ba mọ́ iwájú mọ́tò.

“Kí lo rọ síbí?”

“Omi.”

Ó jókòó sílẹ̀. “Kai! Táǹkì epo nìyẹn! Mọ́tò yìí ò ní ojú omi rárá! Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn!” Ó na rọ́bà tí wọ́n fi ń fa epo sí mi. “Ìwọ lo rọ ọ́, ìwọ ni wàá fà á.”

Mo fẹnu fà á. Mo gbé ẹ̀kún ẹnu kan mì kó tó máa ṣàn. Múlíkà kọ ẹ̀yìn sí mi, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ń sunkún nítorí mi ni. Ẹ̀rín ni.

Nígbà tí Fuseini rọ epo míràn sí i, tá a sì dé Jisonayili, ọmọ ti lórúkọ. Ìyá tó ń dín màásà gbọ́ òórùn mi, ó na ṣíbí sí mi: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ iná mi!” Mo lọ dá jókòó sábẹ́ igi, ibẹ̀ ni Àfáà ti wá bá mi. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Nígbà tí o ò mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí o ò béèrè?”

“N ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé n ò mọ̀, sà.”

“A ti mọ̀ báyìí.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. “Màá fún ọ ní Múlíkà. Ṣùgbọ́n òun ni kó máa bá fítà sọ̀rọ̀.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ọdún púpọ̀ ni Múlíkà fi ń béèrè tó sì ń gbọ́ èsì dópin, mọ́tò náà sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èmi náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ pé “mi ò mọ̀”. Kò pa mí. Bí àwọn ọmọ bá wá ní kí n tún ìtàn náà sọ, mo máa ń kọ́kọ́ bínú díẹ̀, kí èmi fúnra mi tó bú sẹ́rìn-ín.