Ẹ̀ṣẹ́ Kan, Ìjà Mọ́kànlélọ́gbọ̀n

Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n. Bí ẹ ò bá sì mọ̀ ọ́n, ẹ má ṣèyọnu, òun fúnra rẹ̀ á wá sọ ara rẹ̀ fún yín. Òun ni Àjànàkú, abẹ̀ṣẹ́ kù bí òjò, òkè ńlá tó ń wọ bàtà. Bó bá ń wọlé bọ̀, ikùn rẹ̀ á ti wọlé, á ti kí èèyàn méjì, kí òun alára tó dé.

Ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ o. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ ìjà ẹ̀ṣẹ́ ló ní ẹnikẹ́ni tó bá tún fi orúkọ yẹn pe òun, òun ò ní dáhùn. Ló bá sọ ara rẹ̀ ní Àjànàkú. Ọkùnrin yìí kò rántí bi àwọn àgbà léèrè ohun tí wọ́n máa ń sọ nípa àjànàkú tó bá ṣubú.

Èmi ni mo máa ń lu agogo ní ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀ṣẹ́ wa. Ogún ọdún ó lé ni mo ti ń jókòó sídìí agogo yẹn tèmi ti aago ọwọ́ mi, kò sì sí ìjà kan tí ojú mi ò tó. Nítorí náà, ẹ gbà mí gbọ́: ìjà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Àjànàkú jà, méjì ló borí. Nínú àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n fẹ́ jọ jà ló fẹsẹ̀ rọ́ lórí àtẹ̀gùn, n ò tíì lu agogo rárá. Nínú ìkejì, ó kan ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ gidi ni, mi ò ní tàn yín. Ó gbé e láti ìsàlẹ̀, ó fi bá ẹni ẹlẹ́ni lágbọ̀n, onítọ̀hún sùn lọ fọnfọn. Nínú mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó kù, Àjànàkú ló sùn.

Àfi bó ṣe di oṣù tó kọjá, tí orúnkún kóòṣì àgbà wa sọ fún un pé ó tó gẹ́ẹ́. Alága ìgbìmọ̀ wa, tó jẹ́ dókítà eyín (ìdí tí dókítà eyín fi fẹ́ràn ìjà ẹ̀ṣẹ́, ẹ má bi mí), kéde pé ẹni tó bá fẹ́ ipò náà kó wá bá gbogbo ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹni tó bá ní fíìmù, kó gbé e wá. Lẹ́yìn náà, kí ẹgbẹ́ nawọ́ sí ẹni tó wù wọ́n.

Èèyàn méjì péré ló jáde. Àjànàkú ni ọ̀kan. Èkejì ni Ìyá Olówùú.

Ìyá Olówùú ló máa ń dúró ní igun ojú ìjà pẹ̀lú òwú àti táwẹ̀lì, tí á pa ẹ̀jẹ̀ lójú abẹ̀ṣẹ́, tí á sì sọ ohun tó kù kó ṣe sí i létí. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, ọkùnrin àti obìnrin, kò sì sí ẹni tó pè é ní kóòṣì lọ́jọ́ kan. Ó fẹ́ ipò yẹn dé egungun. Ó sọ fún mi pé, "Baba Alágogo, bí wọn ò bá fún mi, mo máa lọ ni. Mi ò lè máa nu ẹ̀jẹ̀ títí màá fi kú."

Àjànàkú ní tirẹ̀ ti sọ ọ́ ní gbangba pé bí òun bá dé ipò, obìnrin kankan ò ní tẹ ojú ìjà mọ́. Ó ní ìjà ẹ̀ṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ òwú. Ó ṣe mí bíi kí n gbé agogo lù ú mọ́rí lọ́jọ́ náà, ọjọ́ orí mi ni ò jẹ́.

Ó wá fíìmù lọ. Ó kó àwọn téèpù ìjà rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan fún obìnrin kan tó máa ń ṣe fídíò ìgbéyàwó, ó ní kó bá òun yọ gbogbo ibi tó gbayì jáde. Ẹnu obìnrin náà ni mo ti gbọ́ bó ṣe lọ, ẹ̀rín ò sì jẹ́ kó tètè sọ ọ́ tán.

"Ọ̀gá, mo ti gé gbogbo ibi tí ẹ ti ṣubú dànù, bí ẹ ṣe ní kí n ṣe."

"O ṣeun. Wákàtí mélòó ló kù?"

"Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin, sà."

"Kí ló dé tó jẹ́ mẹ́rin?"

"Mẹ́ta ni tẹ́lẹ̀. Mo fi ibi tí ẹ ti ń bọ́ aṣọ kún un."

Àjànàkú mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ̀ṣẹ́ kan yẹn, tún un lò. Yí i sí apá òsì. Kun ṣòkòtò ẹni yẹn ní pupa, kó o tún kun ún ní àwọ̀ ewé. Jẹ́ kó máa ṣubú díẹ̀díẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Ṣé kí n fi òdòdó sí i? Mo ní àwọn kan tó máa ń já bọ́ látòkè."

Àjànàkú ronú sí i. "Fi díẹ̀ sí i. Ariwo àwọn èrò ńkọ́? Ariwo ibí yìí ò tó mi."

"Ibẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ lérò lọ́jọ́ náà, sà."

"Ṣé wọn ò pariwo nínú àwọn ìjà yòókù ni?"

"Háà, wọ́n pariwo o! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé."

"Òun ni kó o gbé wá. Gbogbo rẹ̀ pátá. Tò ó sábẹ́ àwòrán mi, má sì fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀."

"Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ wà nínú ariwo yẹn o. Ẹ jẹ́ kí n gbé e sí i kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Ó gbé e sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Àjànàkú dìde dúró nínú ṣọ́ọ̀bù, tó ń na ọwọ́ sí ara rẹ̀, tó ń ké pé, "Èmi rèé! Ẹ wò mí! Ta ló tó bẹ́ẹ̀?" Ohùn ara rẹ̀ nìkan ló gbọ́. Ó ní fíìmù náà dára.

Ó ku ọ̀la kí ẹgbẹ́ pàdé, ó wá bá Ìyá Olówùú níbi tó ti ń ká báńdéèjì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o."

"Àjànàkú, o kú àbọ̀. Kí lo rí tó o fi ń kí mi?"

"Ẹ̀yin náà ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bí ọmọ ìyá. Ẹ̀yin lẹ wà ní igun mi nínú gbogbo ìjà mi. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀ mí."

"Èmi àti Baba Alágogo."

"Ìyẹn ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́, ta ló máa gbà á gbọ́?" Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn báyìí ni mo wà. "Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé bí fíìmù mi bá ń lọ, kí ẹ má dá sí i. Ẹ ṣáà má sọ nǹkan kan."

"Mi ò ní sọ nǹkan kan."

"Ẹ búra."

"Látọdún tí mo ti ń gbé ẹ nílẹ̀, ṣé mo ti sọ fún ẹnì kankan rí?"

Àjànàkú dúpẹ́, ó lọ. Inú bí mi sí ìyá náà gan-an, mo sì sọ fún un. Ó ní kí n lọ jókòó.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, gbọ̀ngàn kún bámúbámú. Wọ́n ta aṣọ ìtẹ́lẹ̀ ibùsùn funfun kan mọ́ okùn ojú ìjà, orí rẹ̀ ni fíìmù á ti hàn, obìnrin onífídíò sì wà nídìí ẹ̀rọ. Ìyá Olówùú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi ò ní fíìmù. Àwọn tí mo kọ́ ló jókòó níwájú yìí, ẹ bi wọ́n," ó sì padà sí àyè rẹ̀. Ó ká táwẹ̀lì rẹ̀, ó tú u, ó tún ká a. Àánú rẹ̀ ṣe mí dọ́kàn.

Àjànàkú gun ojú ìjà nínú kóòtù funfun, ó gba máìkì, fíìmù bẹ̀rẹ̀.

"Èyí tí ẹ ń wò yìí, Òkè-Ń-Rìn ni wọ́n ń pè é! Ẹ wo bí mo ṣe fi í lélẹ̀!" Òkè-Ń-Rìn ṣubú nínú ṣòkòtò pupa. "Èyí ni Gbẹ́mìí-Gbẹ́mìí! Kò jà mọ́ láyé!" Gbẹ́mìí-Gbẹ́mìí ṣubú nínú ṣòkòtò àwọ̀ ewé, sí apá òsì. Ẹ̀kẹta ṣubú pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, òdòdó sì ń já bọ́ lé e lórí.

"Ta ló ń ṣègbéyàwó?" Obìnrin kan ló béèrè bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n ní kó dákẹ́.

Kí n má parọ́, ó ń wọ̀ wọ́n lára. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò tíì dé ẹgbẹ́ nígbà tí Àjànàkú ń jà. Àtẹ́wọ́ ń ro, Alága ń mi orí, Ìyá Olówùú tẹjú mọ́ ilẹ̀, kò sì sọ nǹkan kan bó ṣe ṣèlérí. Mo wo aago ọwọ́ mi. Ìṣẹ́jú márùn-ún Àjànàkú ti pé. Mo lu agogo.

Abẹ̀ṣẹ́ ni ṣáá. Bí agogo bá dún, ara rẹ̀ kì í bi í léèrè. Ó gé ọ̀rọ̀ sí méjì, ó sọ máìkì kalẹ̀, ó rìn lọ sí igun, ó jókòó.

Ìgbà yẹn la tó gbọ́ ariwo fíìmù, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Lójú aṣọ funfun, Àjànàkú ń kan ẹ̀ṣẹ́ láàárín òdòdó. Nínú ẹ̀rọ, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ń ké tantan: "Àjànàkú ti balẹ̀ o! Ẹ̀yin èèyàn mi, a ò tíì jókòó dáadáa! Rẹfirí ti ń kà! Ení! Èjì!"

Òfin kan wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú nígbà ìdánrawò, gbogbo èèyàn á fi ohun tó ń ṣe sílẹ̀, wọ́n á máa bá rẹfirí kà sókè, kí ẹni tó wà nílẹ̀ lè gbọ́ kó sì dìde. Ọ̀nà àtimáa fún ara wa lókun ni. Àwọn tó wà níwájú ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì: "Ẹ̀ta! Ẹ̀rin!" Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá gbè é: "Àrún! Ẹ̀fà!"

Àjànàkú fò dìde. "Ẹ dákẹ́! Ṣé ẹ ò rí i pé mo wà lórí ìdúró ni?" Ó ń na ìka sí aṣọ funfun.

"Èje! Ẹ̀jọ!"

"Obìnrin yìí, pa ariwo yẹn!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n má fọwọ́ kàn án!"

"Ẹ̀sán! Ẹ̀wá!"

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní ó parí. Kò pé ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, ìjà mìíràn bẹ̀rẹ̀, Àjànàkú tún ti balẹ̀, gbọ̀ngàn tún bẹ̀rẹ̀ láti ení.

"Mélòó ló kù?" Alága ló béèrè.

"Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, sà," ni obìnrin onífídíò dáhùn.

Wọ́n ń ka ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ́wọ́ ni orúnkún Àjànàkú yẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó kàn jókòó sílẹ̀ gbì láàárín ojú ìjà pẹ̀lú kóòtù funfun, ojú rẹ̀ ń yí. Bí wọ́n ṣe dé ẹ̀wá ni obìnrin onífídíò fa wáyà yọ.

Ìyá Olówùú dìde. Ó ju táwẹ̀lì sí èjìká, ó bẹ̀rẹ̀ gba abẹ́ okùn kọjá, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe nígbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé á yọ rọ́bà tí abẹ̀ṣẹ́ fi ń bo eyín kúrò lẹ́nu rẹ̀ kó lè mí. Níṣojú ìgbìmọ̀, níṣojú gbogbo wa, Àjànàkú la ẹnu gbàgà.

Alága na ọrùn láti wò ó. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ìyá Olówùú náà yọjú wo inú ẹnu náà. "Pa á dé," ó ní. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo lu agogo títí, kò dáwọ́ dúró. Àárín ẹ̀rín yẹn ni Alága ti béèrè pé àwọn wo ló fẹ́ kí Ìyá Olówùú jẹ́ kóòṣì àgbà. Gbogbo ọwọ́ ló lọ sókè. Ti Àjànàkú náà wà lókè, torí pé ọrùn ọwọ́ ni ìyá náà ti dì í mú láti fi gbé e dìde. Alága kà á mọ́ ọn.